Àwọn Ìwé Tí A Ń Kà Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà mọ̀ pé bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, ìwé ló kàn. Áyọ́ọ̀nù ò lè gbóná, màṣíìnì oníná ò lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì lè ṣẹ́ etí aṣọ, ó lè rán bọ́tìnnì, etí sì ṣófo. Ẹnì kan á gbé ìwé, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á máa kà á sókè. Àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Ìtàn àròsọ Yorùbá la máa ń kà jù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é, mo sì lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé nínú ohun tí mo mọ̀ nípa bí ìlú ṣe ń rìn, àwọn ìwé yẹn ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù. Mò ń gbọ́ ìròyìn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà nínú ẹgbẹ́ aránṣọ, mo sì ń san owó ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àmọ́ ìwé ló kọ́ mi ní ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo wọn.

Bàbá mi ló kó mi sí i. Tíṣà ni, ọmọ Ìjùmú, wọ́n sì gbé e káàkiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Ìyàrà dé Ẹkìnrin-Àdé títí dé ìhà Mọ̀pà. Ó ní àpótí onígi kan tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn bí kò bá tíì fọ ọwọ́. Inú àpótí yẹn ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wà, ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, òun àti Igbó Olódùmarè. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi á kà á fún wa bí ẹni tó ń wàásù. Bó bá dé ibi tí Fágúnwà ti ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, á dìde dúró. Ìyá mi á ní, "Bàbá, ó tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sùn." Kò ní gbọ́.

Kì í sì í pa ìwé yẹn dé kó má sọ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kú, pé inú odò ló kú sí nítòsí Bídá, lóṣù December 1963. Ní ilé wa, Bídá kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń fẹnu lásán pè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Núpé máa ń ti ibẹ̀ wá kó èèyàn lẹ́rú ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìhà Kàbbà, àti Owé, àti Ìyàgbà, àti Ìjùmú, àti Búnú. Àwọn ìlú kan kó lọ sórí òkè nítorí wọn. Nígbà tó yá, ó di ìsìn: ìlú á máa fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀. Ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kàbbà, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídá. Ìyá bàbá mi gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ìyá tirẹ̀, kò sì fi du wá. Nítorí náà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀nà méjì péré ni mo pín ayé sí: àwa tí wọ́n wá kó, àti àwọn tó gun ẹṣin wá.

Ìwé kan ló ba ìpín yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí àbúrò ìyá mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin fi Ọmọ Olókùn Ẹṣin ránṣẹ́ sí mi, èyí tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tó jáde ní 1969. Ìtàn àwọn èèyàn tó ń sin ọba kan ni, Olúmokò. Ìsìn náà ti mọ́ wọn lára débi pé àwọn àgbà ò rí i bí ìyà mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan, Àjàyí àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ìbíwùmí tó jẹ́ obìnrin wà láàárín wọn, ló ní àwọn ò sìn mọ́. Bí mo ṣe ń kà á, mò ń retí ìgbà tí wọ́n máa sọ pé àjèjì ni Olúmokò. Mò ń retí kí èdè rẹ̀ yàtọ̀. Mo kà á títí, mi ò rí i. Yorùbá ni, Yorùbá ló sì ń sìn ín.

Mo gbé e tọ ìyá bàbá mi lọ. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ìyá, nígbà tí wọ́n ń fi èèyàn san ìsìn fún Bídá, ta ló ń yan ẹni tó máa lọ?" Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ó wá ní, "Àwọn tiwa náà ni." Mo ní ta ni wọ́n máa ń yàn? Ó ní ìyá òun sọ fún òun pé wọn kì í yan ọmọ ẹni tó lẹ́nu nílùú. Ọmọ opó ni, ọmọ onígbèsè, àlejò tí kò ní ìbátan, ọmọ tí kò ní ẹni tó máa bá a sunkún. Kò tún fi kún un, ó ní kí n lọ bomi wá.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìlú ti yí padà lójú mi. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Kogí yìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 láti ara Kwara àti Benue. Wọn ò tíì dìbò yan ọmọ Ọ̀kun kan ṣe gómìnà rí, bí a bá sì pé jọ níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́ délẹ̀: wọ́n rẹ́ wa jẹ, wọ́n yọ wá sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ báyìí, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n fi owó kànga ìlú rán, tí kànga náà ò sì ní omi. Mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó pín fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tó wá sí ìjọba ìbílẹ̀, àti àwọn ọmọ tó pín in fún. Olúmokò lè má gbé ní Lọ́kọ́jà nìkan. Àwọn kan ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́, wọ́n ní mò ń tú àṣírí ilé. Kí n má gbàgbé, ìyá Núpé kan tó wá láti Bídá wà lára àwọn oníbàárà mi tó ń sanwó jù. Owó àsansílẹ̀ ló máa ń fún mi, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé mi kì í ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ólekú ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú iṣẹ́ mi. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Tunde Kelani sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, aṣọ tí àwọn ọmọge inú fíìmù náà wọ̀ sì gba ìgboro: ìró kékeré tó mọ ní orúnkún àti bùbá. Títí di òní, àwọn ọmọbìnrin tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn máa ń gbé àǹkárá wá pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi rán Ólekú." Mo máa ń bi wọ́n pé, Àṣàkẹ́ ńkọ́? Wọ́n á ní, "Ta ni Àṣàkẹ́?" Màá wá dá tépù dúró, màá sọ fún wọn nípa Àjàní, ọmọ yunifásítì Ìbàdàn, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kánjú kó mú ìyàwó wálé, àti bí Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan á gbọ́, àwọn kan á máa wo fóònù. Ìwé yẹn ti dé ara gbogbo ayé báyìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò bá aṣọ náà rìn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ojú ọ̀nà àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ wá wọn aṣọ. Ọmọ náà fẹ́ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kó tó ṣègbéyàwó, ìyá ọkọ ní December kò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àwọn tó ń ṣeré. Èmi ń wọn ìbàdí, mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti ń wojú ara wọn, torí pé ìwé yẹn gan-an la ń kà lọ́wọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ní tirẹ̀, Lápàdé ni gbogbo ìwé Yorùbá. Lápàdé ni ọlọ́pàá tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe ọ̀gá nínú Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn, tó ń fi ọgbọ́n àti ìgboyà lépa àwọn ọ̀daràn. Èmi náà gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí à ń gbé. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Kàbbà sí Ọ̀bàjánà, tàbí tó ń lọ sí Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, mọ̀ pé àwọn ajínigbé ti sọ ìrìn àjò di àdúrà. Igbó tí bàbá mi fi ń dẹ́rù bà wá, iwin ló kún inú rẹ̀. Igbó tí àwọn ọmọ mi ń bẹ̀rù, èèyàn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Àwọn ọdẹ wa àti fijilanté ló ń wọ igbó náà tọ̀ wọ́n lọ, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wọn. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan wá gba aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ wú. Àwọn kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà ló nà án, wọ́n ní irun orí rẹ̀ jọ ti ọmọ burúkú. Àbúrò mi ní ẹni tó bá ń wá olè kò ní máa tọrọ gáfárà, pé bí Lápàdé ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Mo ní kó dúró ná. Òǹkọ̀wé ti mọ̀ pé ọ̀daràn ni ẹni tí Lápàdé ń lé, òun ló dá a. Lójú títì Kàbbà, ta ló mọ̀? Ó ní mo ti ń ka ìwé jù. Bóyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀rọ̀ Kàkó.

Ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ á rántí pé ọba rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn akọni ọkùnrin mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí wọ́n lọ mú ohun tó máa mú ìlú tòrò wá. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà lára wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, obìnrin tó yẹ kó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ kó lọ. Kàkó fi àdá ṣá a pa, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá mi máa ń ka ibẹ̀ kọjá ni, ohùn rẹ̀ kì í yí padà. Kùmọ̀ Kàkó làwa ọmọdé fẹ́ràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ igi tiwọn, wọ́n ń fi lé ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kà á ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Búnú kan ló ń kà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà láti Òkéné, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ kò gbọ́ ìtàn Fágúnwà rí láyé rẹ̀. Ó gbé orí sókè kúrò nídìí aṣọ tó ń ṣẹ́. Ó ní, "Kí ló ṣe?"

Ẹni tó ń kàwé rò pé kò gbọ́ ni, ó bá tún ibẹ̀ kà.

Ó ní, "Mo gbọ́. Mo ní obìnrin yẹn, kí ló ṣe?"

Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Ọmọ Búnú ní ọba ló rán ọkùnrin náà, iṣẹ́ ìlú ni, obìnrin kò yẹ kó dí i lọ́nà. Òmíràn ní ìwé àtijọ́ ni, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìyàgbà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní òun rò pé Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ kó lè dun ẹni tó bá ń kà á ni, àbí kí ló dé tó fi jẹ́ kí obìnrin náà bẹ̀bẹ̀? Ọmọ Òkéné kò gbà fún ẹnì kankan. Ó ní bí ìlú bá máa tòrò, ṣé obìnrin yẹn kì í ṣe ara ìlú ni? Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó wá wọn bùbá, ó ti bọ́ gèlè sórí ẹsẹ̀, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ní, "Ọkọ tèmi náà lọ ṣe iṣẹ́ ìlú." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò lè ka ibẹ̀ mọ́ bí bàbá mi ṣe ń kà á. Mi ò sì lè sọ pé kí a má ka ìwé náà mọ́, torí pé kò sí ìwé tí mo fẹ́ràn tó o. Bí Fágúnwà bá ti fo obìnrin yẹn dá, kò sí ohun tí ọmọ Òkéné ì bá rí béèrè. Àmọ́ mo mọ̀ pé ìwé kì í dá ṣe iṣẹ́ yìí. Bàbá mi mọ Fágúnwà lórí, ó lè ka ojú ewé mẹ́ta láìwo ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí owó kò tó, àbúrò mi ọkùnrin ló rán lọ sí yunifásítì, ó ní kí èmi lọ kọ́ aṣọ rírán. Kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ó pè mí jókòó, ó ṣàlàyé pé ilé nílò ẹni tó máa gbé orúkọ rẹ̀ dúró. Ìṣirò tí Kàkó ṣe náà nìyẹn, àdá ni kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú kò bí mi sí i, iṣẹ́ yìí ló kọ́ ilé tí mo ń gbé. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà ọdún Àjíǹde kan, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ṣèpàdé ní ilé, ní Ìjùmú. Tiransifọ́mà la fẹ́ rà. Wọ́n ka owó tí oníkálukú dá, wọ́n ka owó wáyà, wọ́n ka owó epo mọ́tò tó gbé àwọn aṣojú láti Àbújá wá. Alága wá ní kí àwọn ìyá má gbàgbé oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́. Mo nawọ́, mo kí wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, Ọ̀kun o. Owó oúnjẹ yẹn, ojú ewé wo la máa kọ ọ́ sí?" Bàbá kan ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà? Ṣé a máa ń kọ ọbẹ̀ sílẹ̀ ni?" Mo ní bí a bá kọ epo mọ́tò, a lè kọ epo pupa. Àwọn obìnrin tó jókòó lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Mi ò dárúkọ Kàkó níbẹ̀, ta ló máa gbọ́? Akọ̀wé, tó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bàbá mi rí, wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ ọ́. Nígbà tí ó ka ìṣirò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ọbẹ̀ ju owó wáyà lọ. Inú bí àwọn kan pé kí ló dé tí a fi kà á síta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà bá mi wí nílé, ó ní oúnjẹ tí wọ́n bá ti ka owó rẹ̀ kì í ṣe oore mọ́. Mo rò ó wò, mo sì rí ohun tó ń sọ. Síbẹ̀ a ṣì ń kọ ọ́.

Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ò ní tíṣà Yorùbá ní ilé ìwé rí. Àmì orí ọ̀rọ̀ máa ń dà wọ́n láàmú, wọ́n á ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mi ò bìkítà. Bí wọ́n bá ń kà á lọ́ra, àwọn tó ń gbọ́ á ní àyè láti jiyàn. Ọmọ Òkéné ló wá mọ̀ ọ́n kà jù nínú wọn, ó sì ti gba fírídọ̀mù lọ. Ó mú Ògbójú Ọdẹ mi lọ pẹ̀lú, ó ní òun máa dá a padà. Mo ti ra òmíràn.

Rẹ́rẹ́ Rún la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, eré oníṣe tí Òkédìjí kọ ní 1973 nípa Láwúwo, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti ìjà àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wọn. Kì í ṣe ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ pín ẹni tó máa ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa pariwo. Wọ́n ti ń bi mí, wọ́n ń fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́, pé nínú ìwé yìí, ṣé ọ̀gá ló jẹ̀bi? Mo ní kí wọ́n máa ṣẹ́ etí aṣọ wọn lọ.